Tàkúté Mẹ́sàn-án Tí Bàbá Ọkọ Mi Fi Sílẹ̀ Nínú Igbó

                                        Ilé Bàbá Gáàdì,
                                        Ẹ̀yìn Ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi,
                                        Agbowó, Ìbàdàn.
                                        Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kọkànlá, ọdún 1961.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Ìyá Sàídì,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ kú àtijọ́, ẹ kú ìtọ́jú ilé, ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ. Ṣé àlàáfíà lẹ wà? Ṣé ikọ́ Sàídì ti lọ pátápátá, àbí ó ṣì ń wú u láàárọ̀? Bàbá Sàídì ńkọ́, ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé? Ìyá mi ńkọ́, ṣé orúnkún wọn ṣì ń dùn wọ́n tí òjò bá ṣú? Òjò ti dáwọ́ dúró lọ́dọ̀ wa níbí, ọyẹ́ sì ti ń yọjú díẹ̀díẹ̀ láàárọ̀. A dúpẹ́ pé a wà láàyè, ṣùgbọ́n ó rẹ̀ mí, Ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti jókòó láti kọ ìwé yìí lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sì sùn lé e lórí. Tí ẹ bá rí ibi tí yíǹkì ti tàn, ẹ má bínú, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ló wà níbẹ̀.

Ọjọ́ Ajé ni lẹ́tà yín tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ẹ ní awakọ̀ lọ́rì kan sọ ọ́ ní gáréèjì Ṣakí pé àwọn ará ilé ọkọ mi fẹ́ dá mi padà, pé wọ́n ní ẹsẹ̀ tí mo gbé wọlé kò dára, pé oṣù kẹrin tí mo dé ni bàbá ọkọ mi kú. Ẹ ní Ìyá mi ò jẹun fún ọjọ́ méjì. Ẹ ní kí n sọ òótọ́ fún yín, kí n má ṣe bí mo ṣe máa ń ṣe ní kékeré, tí inú bá ń run mí tí n ó máa ní kò sí nǹkan.

Òótọ́ ni pé wọ́n sọ ọ́. Òótọ́ náà ni pé mo ti di ẹrù mi, mo tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á dé ìsàlẹ̀ kí ẹ tó sọ ohunkóhun fún Ìyá mi.

Ẹ ò mọ Bàbá dáadáa. Ọjọ́ ìgbéyàwó nìkan lẹ rí wọn. Àwọn ni bàbá gíga tí àgbádá kúrú fún, tí gbogbo èèyàn ń bẹ̀ pé kí wọ́n jókòó, tí wọ́n kàn ń rìn yí ilé wa ká, tí wọ́n ń wo orí igi igbá bí ẹni pé wọ́n fi nǹkan pamọ́ síbẹ̀. Ẹ mọ̀ pé ẹnu mi ò gbọdọ̀ pe orúkọ wọn, kíkọ ọ́ náà ò sì yá mi lọ́wọ́. Bàbá Gáàdì ni gbogbo Agbowó ń pè wọ́n, nítorí ọdún méjìlélógún ni wọ́n fi ṣọ́ igbó ọba kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, akọ̀wé ìjọ dìde, ó ka ìtàn ìgbésí ayé wọn. Ó ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n bí wọn sí. Ó ní wọ́n ṣe ìtẹ̀bọmi, wọ́n ṣiṣẹ́ ìjọba, wọ́n bí ọmọ mẹ́rin, méjì ló kù. Ó ká ìwé náà, ó ki í bọ àpò. Mo wo Ìyá wa, ìyá ọkọ mi ni mo ń wí, wọ́n ń wo ilẹ̀. Mo ní nínú ara mi pé, gbogbo rẹ̀ náà nìyẹn? Ta ni yóò wá sọ pé ìjọba fẹ́ fi wọ́n ṣe ọ̀gá nínú igbó kan lápá Oǹdó, tí wọ́n ní àwọn ò lọ, torí ibẹ̀ jìnnà sí ilé ìwé àwọn ọmọ? Gáàdì kékeré ni wọ́n wà títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Ìyá wa ló sọ fún mi, níbi tí a ti jọ ń sẹ́ ògì.

Wọn kì í sùn síta, àfi tí odò bá kún. Tí wọ́n bá sì pa ẹran, kò sí ẹni tó gbọdọ̀ fọwọ́ kan ẹ̀dọ̀ rẹ̀. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n máa ń fi igi gún un, wọ́n á yan án, wọ́n á fọ́n iyọ̀ sí i, wọ́n á gbé e lọ bá Ìyá wa níbi tí wọ́n bá jókòó sí.

Wọ́n á ní, "Arẹwà, ẹnu rẹ dà?"

Ìyá wa á ní, "Ẹ̀yin náà ẹ bù jẹ níbẹ̀ kẹ̀."

"Mo ti jẹ tèmi nínú igbó."

Irọ́ ni, Ẹ̀gbọ́n mi. Mo ti tẹ̀ lé wọn lọ sí igbó yẹn, wọn kì í jẹ nǹkan kan níbẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n á dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á máa kà wá bí ẹni ń ka adìyẹ kó tó ti ilẹ̀kùn. Wọ́n á ka ara wọn mọ́ ọn. Tí ọkọ mi bá pẹ́ ní ibi iṣẹ́ ìtẹ̀wé rẹ̀ ní Dùgbẹ̀, wọn ò ní fọwọ́ kan oúnjẹ. "Ẹnì kan kù," ni wọ́n á máa wí, wọ́n á tún jáde lọ wo títì. "Ẹnì kan kù." Ní ìrọ̀lẹ́ tí mo kọ́kọ́ lò nílé yìí, mo fara pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn nítorí ìtìjú. Wọ́n ka Ìyá wa, wọ́n ka ọkọ mi, wọ́n ka ọmọ tí Tíṣà ẹ̀gbọ́n ọkọ mi bí, tó ń gbé lọ́dọ̀ wa, èyí tí mo sọ ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, wọ́n ka ara wọn, wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ wò mí lẹ́yìn ilẹ̀kùn níbẹ̀. Wọ́n ní, "Márùn-ún. Ó ti pé." Láti ọjọ́ náà ni ọkàn mi ti balẹ̀ nílé yìí.

Bí mo ṣe dẹni tó ń bá wọn lọ sí igbó nìyí. Èmi àti Ìyá wa ń ṣe ẹ̀kọ fún àwọn tó ń kọ́lé lápá Bódìjà, ewé sì máa ń wọ́n wa. Bàbá ní àwọn mọ ibi tí ewé wà nínú igbó tó wà lẹ́yìn Agbowó lápá odò. Ìyá wa ni wọ́n rán mi o, kì í ṣe pé mo kàn dìde. Ọjọ́rú àti Sátidé ni a máa ń lọ. Bàbá kì í sọ̀rọ̀ nínú igbó, èmi náà kì í sọ̀rọ̀ níbikíbi, bẹ́ẹ̀ la ṣe bá ara wa mu. Adákẹ́ ni wọ́n sọ mí. Wọ́n ní, "Adákẹ́, ẹni tó bá pariwo wọ igbó, ewé nìkan ló máa rí níbẹ̀."

Wọ́n ní tàkúté irin mẹ́sàn-án, eléyín, irú èyí tó bá pa ẹnu dé mọ́ igi, á ṣẹ́ igi náà. Wọ́n á dẹ ẹ́ tán, wọ́n á fi ewé gbígbẹ bò ó débi pé ẹni tó rí wọn tí wọ́n ń dẹ ẹ́ gan-an ò ní mọ ibẹ̀ mọ́ tó bá yíjú. Kí ọmọ èèyàn má bàa kó sí i, wọ́n máa ń ta koríko ní kókó lẹ́bàá ọ̀nà, ìṣísẹ̀ mẹ́ta kí èèyàn tó dé ibẹ̀. Àwọn ọdẹ yòókù náà ń ta á, apá ibi tí tàkúté bá wà ni wọ́n ń ta á sí. Ṣùgbọ́n ọlọ́wọ́ òsì ni Bàbá. Tí wọ́n bá kúnlẹ̀, ọwọ́ òsì ni wọ́n fi ń dẹ tàkúté, ọwọ́ ọ̀tún tó ṣófo ni wọ́n á wá nà sí òdì kejì ọ̀nà láti ta koríko. Tí kókó bá wà lọ́tùn-ún, a jẹ́ pé òsì ni ewu wà. Wọ́n fi hàn mí lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní, "Má gbàgbé o, Adákẹ́. Àwọn ọmọ mi ò tẹ̀ lé mi wọ igbó rí, ìwé ni wọ́n ń kà. Ìwọ nìkan lo mọ̀ ọ́n." Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ mọ̀ pé ìwé mẹ́rin ni mo kà tí Bàbá mi fi kú. Ọjọ́ yẹn ni inú mi kọ́kọ́ dùn pé nǹkan kan wà tí mo mọ̀ tí àwọn tó kàwé ò mọ̀.

Sátidé tí a lọ kẹ́yìn, a dẹ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán. Lọ́jọ́ kejì, bí a ṣe ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì, Bàbá kọsẹ̀ níwájú ilé. Wọ́n ní kò sí nǹkan. Kí wọ́n tó jókòó, ẹnu wọn ti yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, apá òsì wọn ti rọ. A gbé wọn lọ sí ọsibítù, àwọn dókítà tọ́jú wọn, wọ́n ní kí á gbé wọn padà sílé, kí á máa gbàdúrà. Ojú wọn là, wọ́n dá gbogbo wa mọ̀, ọ̀rọ̀ ni kò jáde mọ́.

Ọjọ́ Ajé ni ohun tí wọ́n ń bá mi wí nítorí rẹ̀ ṣẹlẹ̀. Gbogbo ẹbí ti pé yí wọn ká. Tíṣà, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ti dé láti Mọ́níyà níbi tó ti ń kọ́ ọmọ níwèé. Màmá Dùgbẹ̀ náà dé, àbúrò Bàbá tó ń ta aṣọ. Èmi ń gbé omi gbígbóná bọ̀ nínú abọ́. Bí Bàbá ṣe rí mi lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n gbé ọwọ́ ọ̀tún wọn sókè, wọ́n nà án sí mi. Wọ́n la ọwọ́ náà, wọ́n pa á dé. Wọ́n tún là á, wọ́n tún pa á dé. Wọ́n tún nà án sí mi. Omi ń jáde lójú wọn.

Màmá Dùgbẹ̀ kígbe. "Ẹ ò rí i? Ẹ ò rí ẹni tí ẹ̀gbọ́n mi ń tọ́ka sí? Wọ́n ní òun ló di àwọn lọ́wọ́ mú! Oṣù kẹrin tó gbé ẹsẹ̀ wọlé!"

Gbogbo ojú yí sí mi. Ẹ̀gbọ́n mi, omi gbígbóná náà dà sí mi lẹ́sẹ̀, mi ò mọ̀. Mo mọ̀ pé Bàbá ń sọ nǹkan fún mi, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe ohun tí Màmá Dùgbẹ̀ wí, ṣùgbọ́n kí ni? Mi ò mọ̀ ọ́n. Ojú Bàbá ń bẹ̀ mí, mo dúró síbẹ̀ bí igi. Wọ́n kú láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí oòrùn tó yọ.

Ẹ má bi mí léèrè ọ̀sẹ̀ méjì tó tẹ̀ lé e. Àwọn èèyàn ń wá kí wa láti òwúrọ̀, èmi ni mò ń sè, èmi ni mò ń fọ abọ́, èmi ni mò ń pọnmi. Màmá Dùgbẹ̀ ò padà sílé wọn, wọn ò sì gba omi lọ́wọ́ mi. Tí mo bá gbé oúnjẹ kalẹ̀, wọ́n á pe Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ pé kó bá àwọn gbé òmíràn wá. Ọkọ mi ò bá mi wí, ṣùgbọ́n kò gbà mí sílẹ̀ náà. Tó bá ti ibi iṣẹ́ dé, á jókòó sórí àpótí tí Bàbá máa ń jókòó sí, á máa wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan mo ń kó aṣọ lórí okùn, mo gbọ́ tí Màmá Dùgbẹ̀ ń sọ fún Ìyá wa pé tí ogójì ọjọ́ bá pé, kí wọ́n jẹ́ kí ìyàwó lọ kí àwọn ará ilé rẹ̀, kí wọ́n má sì ránṣẹ́ pè é. Mo dúró kí n gbọ́ ohun tí Ìyá wa máa sọ. Wọn ò sọ nǹkan kan. Ìyẹn ló dùn mí jù. Ọjọ́ náà ni mo di ẹrù mi.

Ọjọ́ Ẹtì, ní nǹkan bí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, a gbọ́ ariwo. Sàláwù télọ̀ tó múlé gbè wá ni, ó fi tépù sọ́rùn, ó ń wọ́ ewúrẹ́ rẹ̀ bọ̀. Ẹsẹ̀ iwájú ewúrẹ́ náà ti ṣẹ́, tàkúté ṣì há mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, ṣéènì rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀ tẹ̀ lé e.

Ó ní, "Ẹ wò ó, ẹ̀yin ará ilé Gáàdì! Mo bá yín sunkún, mo bá yín gbẹ́lẹ̀, ṣé ewúrẹ́ mi náà gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé Bàbá ni?"

Ọkọ mi mú irin, ó fi fa ẹnu tàkúté náà. Ó là. Irin yọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó pa dé. Ó tún fà á, ó là.

Ọwọ́ Bàbá ni mo rí. Ẹ̀gbọ́n mi, ọwọ́ Bàbá gan-an ni mo rí níwájú mi, tó ń là, tó ń pa dé. Tàkúté mẹ́jọ ṣì wà nínú igbó, ní lílà, lábẹ́ ewé, ọjọ́ kejì sì ni Sátidé tí Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fẹ́ padà lọ ṣẹ́gi níbẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí Bàbá ti kú. Ohun tó ń pa Bàbá lẹ́kún nìyẹn. Wọn ò lè sọ̀rọ̀, ẹnì kan ṣoṣo tó mọ̀ ọ́n ni wọ́n nàka sí, kò sì yé ẹni náà.

Tíṣà dé láti Mọ́níyà ní ìrọ̀lẹ́ náà. Mo wọ pálọ̀ lọ bá wọn, mo kúnlẹ̀. Ẹ mọ̀ mí, mi ò sọ̀rọ̀ láàárín àgbà rí. Mo ní, "Tàkúté mẹ́jọ ló kù nínú igbó. Mo mọ ibi tí wọ́n wà. Ohun tí Bàbá ń sọ fún mi lọ́jọ́ náà nìyẹn."

Màmá Dùgbẹ̀ ní, "Hẹn-ẹ̀n! Ìyàwó ti dọdẹ! Kí ló ń wá nínú igbó pẹ̀lú bàbá ọkọ rẹ̀?"

Ìyá wa ní, "Èmi ni mo rán an." Èyí ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n fi gbè mí láti ọjọ́ tí Bàbá ti kú.

Tíṣà ní kò sí wàhálà, òun àti àbúrò òun á lọ kó wọn láàárọ̀. Mo ní kí wọ́n ṣọ́ra, pé kókó Bàbá yàtọ̀. Ó ní, "Mo ti gbọ́, Ìyàwó, mo ti gbọ́. Ọmọ Gáàdì ni mí. Ṣé koríko ló máa tàn mí jẹ?" Mo dìde. A kìlọ̀ fún àwọn ọmọ pé kí ẹnikẹ́ni má wọ igbó.

Láàárọ̀, oòrùn ò tíì gbóná tí wọ́n fi padà. Tíṣà ń fi ẹsẹ̀ kan fò. Bàtà aláwọ tó fi ń lọ kọ́ ọmọ ló wọ̀ lọ, tàkúté sì ti gé iwájú rẹ̀ jẹ bí ẹni gé iṣu. Àtàńpàkò rẹ̀ yọ síta, kò ní àmì kankan. Kókó ló rí lọ́tùn-ún, ló bá yà sí òsì. Ìyá wa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, wọ́n ń fọwọ́ kan ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọkọ mi fẹ́ sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀, ló bá bú sẹ́rìn-ín. Ó rín in títí omijé fi dà lójú rẹ̀, lẹ́yìn náà kò yé wa mọ́ bóyá ẹ̀rín ni tàbí ẹkún.

Ìyá wa wọ yàrá, wọ́n mú àdá Bàbá jáde, wọ́n fà á lé mi lọ́wọ́. Wọ́n ní, "Ìyàwó, bọ́ síwájú."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe lọ. Èmi ló ṣáájú, ọkọ mi tẹ̀ lé mi pẹ̀lú àpò, Tíṣà wọ sálúbàtà mú igi gígùn dání, Ìyá wa tẹ̀ lé e. Màmá Dùgbẹ̀ ní kò sí ẹni tó máa fi àwọn nìkan sílẹ̀ nílé, àwọn náà bọ́ sẹ́yìn. Ibi tí mo bá gbé ẹsẹ̀ kúrò ni gbogbo wọn ń gbé ẹsẹ̀ sí. Mi ò mọ ibi tí ìtìjú mi lọ. Mo rí kókó, mo yà sí òdì kejì, mo fi àdá rọra ká ewé, mo nawọ́ sí i, Tíṣà á sì fi igi tọ́ ọ. Á pa dé, gbà! Ọkọ mi á jù ú sínú àpò.

Ní ibi ìkẹta, Màmá Dùgbẹ̀ pè mí. "Ìyàwó."

Mo ní, "Mà."

"Kí ni ẹ̀gbọ́n mi ń fọwọ́ ṣe lọ́jọ́ yẹn? Ṣe é kí n rí i."

Mo na ọwọ́ ọ̀tún mi. Mo là á, mo pa á dé. Mo tún là á. Bí mo ṣe tún pa á dé ni Tíṣà tọ́ tàkúté, ó pa dé nílẹ̀ níwájú wa. Màmá Dùgbẹ̀ wo ọwọ́ mi, wọ́n wo tàkúté náà. Wọ́n jókòó sílẹ̀ nínú ewé pẹ̀lú aṣọ wọn.

Wọ́n ní, "Ọ̀rọ̀ tí ẹ̀gbọ́n mi sọ kẹ́yìn láyé! Ọmọ ọlọ́mọ ni wọn ò fẹ́ kó fara pa, èmi sì sọ ọ́ di ẹ̀sùn!" Ẹkún tí wọn ò sun lọ́jọ́ ìsìnkú, ibẹ̀ ni wọ́n ti sun ún. Wọn ò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi, Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò sì retí rẹ̀, àgbà ni wọ́n. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe fẹ́ dìde, èmi ni wọ́n na ọwọ́ sí pé kí n fa àwọn sókè.

Èyí tó kẹ́yìn wà lẹ́bàá odò, níbi tí a ti máa ń já ewé. A ò tíì dé ibẹ̀ tí a fi gbọ́ tí nǹkan ń já pìtìpìtì. Ọ̀yà ni, ńlá, ó sanra bí ọmọ ẹlẹ́dẹ̀, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó sí i láàárọ̀ náà, ẹ̀jẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì gbẹ. Gbogbo wa yí i ká. Ọjọ́ kọkàndínlógún nìyẹn tí Bàbá ti kú. Ìyá wa fi ìbọ̀rùn bo ẹnu, wọ́n ń wò ó.

Wọ́n ní, "Ẹ wo Bàbá yín. Ó ṣì ń bọ́ wa."

Sàláwù ló bá wa pa á, ó ní kí òun fúnra òun dúńbú rẹ̀ kí òun náà lè rí jẹ níbẹ̀. Itan kan la gbé fún un, ó ní inú òun ti rọ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ewúrẹ́ òun ò gbọdọ̀ gbọ́. Nígbà tí a là á, ọwọ́ gbogbo wa dúró. Kò sí ẹni tó mọ ẹni tó máa fọwọ́ kan ẹ̀dọ̀. Ìyá wa bẹ̀rẹ̀, wọ́n mú un, wọ́n fi igi gún un, wọ́n yan án, wọ́n fọ́n iyọ̀ sí i. Mo rò pé wọ́n fẹ́ dá jẹ ẹ́ kí wọ́n fi rántí ọkọ wọn. Wọ́n pín in sí méjì, wọ́n rìn wá bá mi níbi tí mo ti ń fọ ìkòkò.

Wọ́n ní, "Adákẹ́, ẹnu rẹ dà?"

Mo nu ọwọ́ mi, mo gbà á, Ẹ̀gbọ́n mi. Mo ní, "Ẹ̀yin náà ẹ jẹ." Wọ́n ní tàwọn rè é lọ́wọ́ àwọn, pé àwọn ò ní purọ́ fún mi bí Bàbá ṣe máa ń purọ́ fún àwọn.

Màmá Dùgbẹ̀ padà sílé wọn ní ọjọ́ Àìkú, Tíṣà padà sí Mọ́níyà nínú bàtà àbúrò rẹ̀ tó há a lẹ́sẹ̀. Ọjọ́ Ajé ni lẹ́tà yín dé. Mo kà á tán, mo tún dẹni tó ń wo ẹrù abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, nítorí kò sí ẹni tó tíì fẹnu sọ fún mi pé kí n tú u.

Nǹkan kan wà tí mi ò tíì sọ fún yín. Oṣù kejì rè é tí mi ò rí nǹkan oṣù mi. Mi ò sọ fún ọkọ mi pàápàá, ẹ̀rù ń bà mí pé wọ́n á ní mo fi ń wá ibi fara pamọ́ sí.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé yẹn, a fẹ́ jẹun. Ìyá wa dìde, wọ́n lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, níbi tí ẹnikẹ́ni ò dúró sí mọ́ láti ìgbà tí Bàbá ti lọ. Wọ́n ka ọkọ mi. Wọ́n ka Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Wọ́n fọwọ́ kan àyà ara wọn. Wọ́n kà mí. Mẹ́rin nìyẹn. Wọ́n ní, "Márùn-ún."

Ọkọ mi gbójú sókè, ó rọra ní, "Màmá, mẹ́rin la kù."

Wọ́n ní, "Theophilus, ìwé lo mọ̀, o ò mọ èèyàn kà." Ibi ikùn mi ni wọ́n ń wò. "Márùn-ún ni mo wí. Ó ti pé. Ẹ jẹ́ kí á jẹun."

Mo tú ẹrù mi láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Aṣọ mi wà lórí okùn nísinsìnyí, níbi tí gbogbo ayé ti lè rí i.

Ó ṣì rẹ̀ mí o. Ogójì ọjọ́ ń bọ̀ lọ́nà, àlejò ò sì ní tán bọ̀rọ̀. Láàárọ̀ Ọjọ́rú, mo jí, mo mú agbọ̀n ewé, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà kí Bàbá jáde. Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó rántí.

Ẹ bá mi kí Bàbá Sàídì dáadáa. Ẹ fi ẹnu kan Sàídì lẹ́nu fún mi. Ẹ kí Ìyá Oyèṣọlá, ẹ ní mo rí ata tí wọ́n fi ránṣẹ́ gbà. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ oṣù kejì yìí dé gáréèjì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mọ ẹnu àwọn awakọ̀ yẹn. Ìyá mi nìkan ni kí ẹ sọ ọ́ sí létí. Ẹ ní kí wọ́n jẹun. Ẹ ní ìyá ọkọ mi ti kà wá, a sì pé.

Èmi ni àbúrò yín tí ẹ pọ̀n títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi ń wọ́lẹ̀,

Àtọ́kẹ́.